Pápá Dà?

Ọmọ mi obìnrin kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ lọ́jọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí èsì fún. Láti ẹnu ọjà Ládípọ̀ la ti ń bọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. À ń yà fún alábàárù tó ru ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sórí, à ń yà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, à ń fo omi dúdú tó dá rogún sójú títì, tí epo ọkọ̀ ń dán lójú rẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó gbójú sókè wo pátákó kan, ó ka orúkọ àdúgbò wa, Pápá Àjàó, jáde ketekete, ló bá ní, "Dádì, pápá ọ̀hún dà?"

Mo ní, "Orúkọ lásán ni, ìyá mi."

Ó ní, "Orúkọ lásán kẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ."

Mo dákẹ́. A délé, a jẹun, ó sùn, mo ṣì ń ronú ọ̀rọ̀ náà.

Pápá kò ta kókó. Ilẹ̀ gbalasa ni, tí koríko bò, tí ojú ènìyàn lè ti etí kan rìn dé etí kejì láìkọlu ògiri. Orúkọ Pápá Àjàó fi yé wa pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà níhìn-ín rí, Àjàó ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Múṣin fúnra rẹ̀, tí àdúgbò wa wà nínú rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, ara iṣin ló ti jáde, èso pupa tó máa ń la ẹnu lórí igi, tí kóró dúdú inú rẹ̀ á máa wò wá bí ẹyinjú. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó dé Ìdí-Òro. Ẹ tún rìn, ẹ ó dé Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó wà. Bí ènìyàn bá kọ orúkọ àwọn àdúgbò wa sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àwòrán igbó àti ọ̀dàn ló máa jáde. Orúkọ kù, ohun tó ń jẹ́ orúkọ ti lọ.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ní àríwá Yúróòpù, lókè Jámánì, orílẹ̀-èdè kékeré kan wà tó ń jẹ́ Dẹ́ńmáàkì. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, lẹ́tà kan wà tí àwa kò ní: ø. Ẹ ká ẹnu róbótó bí ẹni tó fẹ́ pe "o", ẹ má tú u ká, kí ẹ wá pe "e" láti inú rẹ̀. Ẹ ti pè é nìyẹn. Lẹ́tà yìí nìkan ṣoṣo, odidi ọ̀rọ̀ ni. Erékùṣù ló túmọ̀ sí. Bí àwa ṣe ń fi "Ìdí" bẹ̀rẹ̀ orúkọ ibi tí igi ńlá wà, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń fi ø parí orúkọ ibi tí omi yí ká: Mandø, Tunø, Fanø, Rømø, Lyø. Àwọn erékùṣù wọn lé ní 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré débi pé ẹnikẹ́ni kì í gbé orí wọn. Ẹni tó bá dé Mandø lónìí, yóò bá ø níbẹ̀. Omi ṣì yí i ká. Ẹni tó bá dé Ìdí-Òro, igi dà?

Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Mandø. Etí òkun ìwọ̀-oòrùn Dẹ́ńmáàkì ló wà, kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò sì tó 50. Ilé méjì ní òpópónà wa lè ní èrò jù wọ́n lọ. Kò sí afárá. Abúlé kan tó ń jẹ́ Vester Vedsted lèèyàn ti máa ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tó máa gbé yín ni katakata, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀, tí táyà rẹ̀ ga ju ọmọdé lọ, tó ń wọ́ yàrá onífèrèsé kan tí èrò jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ló máa gbà.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ibẹ̀ máa ń kún, lẹ́ẹ̀mejì náà ló sì máa ń fà. Tó bá ti fà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á yọ síta lọ títí dé ibi tí ojú mọ: ẹrẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú, iyanrìn tí omi ti là ní ìlà ìlà bí ẹni fi ìyarun ya orí, ìkarahun, àti òkìtì ẹrẹ̀ kéékèèké tó ká wọ́nkọ bí òwú, tí ekòló òkun tú jáde láti inú ihò rẹ̀. Láàárín gbogbo èyí, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan á hàn. Katakata á gbà á. Bí omi bá tún padà dé, ọ̀nà náà á rì, Mandø á sì tún dá dúró láàárín òkun. Àwọn ará ibẹ̀ kì í wo aago nìkan kí wọ́n tó jáde nílé, wọ́n á wo ìwé tí wọ́n kọ àkókò omi sí. Èyí kò ní ya apẹja Makókò lẹ́nu, nítorí òun náà mọ ìgbà tí ọ̀sà ń fà àti ìgbà tó ń bọ̀.

Vadehavet ni wọ́n ń pe gbogbo agbègbè yìí, òkun tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ wọ́ kọjá. Ó ti Dẹ́ńmáàkì kọjá Jámánì dé Nẹ́dálándì. Ní 2010 ni Dẹ́ńmáàkì sọ apá tiwọn di ọgbà àdáyébá ti orílẹ̀-èdè, ní 2014 sì ni àjọ UNESCO fi í kún èyí tí wọ́n ti kà sí ogún gbogbo ayé láti 2009 lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wọn tó wọ̀ mí lára. Bí òfin bá dáàbò bo ilẹ̀ kan, tó ní kí ẹnikẹ́ni má yí i padà, wọ́n á ní ilẹ̀ náà ti di "fredet". Inú "fred" ló ti jáde, "fred" sì ni àlàáfíà. Ilẹ̀ tí wọ́n fún ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká máa ń dún bí ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ní ọ́fíìsì. Ọ̀kan yìí dún létí mi bí àdúrà.

Bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ní 1911 ni àwọn ará ìlú kan kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Danmarks Naturfredningsforening sílẹ̀. Ní 1917 ni òfin àkọ́kọ́ jáde. Lónìí, ẹgbẹ́ yìí, tí kì í ṣe ìjọba, ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti dìde kó ní: ibi báyìí, ẹ jẹ́ ká fún un ní àlàáfíà. Ìgbìmọ̀ á jókòó sí i, wọ́n á gbọ́ ti ẹni tó ni ilẹ̀, wọ́n á san owó fún un lórí ohun tó bá pàdánù. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ìwé ilẹ̀. Onílẹ̀ lè tà á, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀, ẹni tó rà á lè tún un tà. Àlàáfíà náà á máa bá ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní Èkó, tí ẹ tún bá ẹni méjì mìíràn lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìwé tiwọn lọ́wọ́, ẹ mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wá sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ nípa igbó àìwọ̀? Ìlú wo ni kò ní ibi tí wọn kì í dáko, odò tí wọn kì í dẹ, igi tí àáké kì í kàn? Ní Òṣogbo, láàárín ìlú tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀, igbó Ọ̀ṣun ṣì dúró ní hẹ́kítà 75. Ẹja ń wẹ̀ nínú odò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa á. Ọ̀bọ ń fò láti igi dé igi. Ní 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kárí gbogbo igbó ní 1992, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, wà lára àwọn tó fi ara wọn dènà àwọn tó fẹ́ gé igbó náà, títí ó fi kú ní 2009. Ṣùgbọ́n kí òun tó dé, kí UNESCO tó wà láyé, èèwọ̀ ló ti ń ṣọ́ igbó yẹn. "Fred" tiwa nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ẹ̀rù òrìṣà kúrò lójú ọ̀pọ̀ wa, a kò fi nǹkan kan dípò rẹ̀. A wọ inú igbó àìwọ̀, a rí i pé a kò kú, a sì gé e tán. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú pápá Àjàó, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ìwé, kí Àjàó gba owó tirẹ̀, ọmọ mi ì bá ti rí ibi tí yóò nà sí.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Ojú wọn rí nǹkan kí wọ́n tó kọ́gbọ́n. Ní àárín òkun tó wà láàárín wọn àti Sweden, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Anholt. Igbó ló bò ó nígbà kan. Láti 1560 ni wọ́n ti ń dáná níbẹ̀ lóru kí àwọn awakọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà, igi erékùṣù náà ni wọ́n sì ń gé fi dá a. Wọ́n gé, wọ́n gé, igi tán. Ìjì gbé iyanrìn tí gbòǹgbò ti dì mú tẹ́lẹ̀, ó fi bo ilẹ̀. Títí di òní, Ørkenen, ìyẹn Aṣálẹ̀, ni wọ́n ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú Anholt. Wọ́n ti wá fún aṣálẹ̀ náà ní àlàáfíà báyìí. Èèhọ̀n tó rọ̀ bí kànrìnkàn ń hù lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn sì lè fi rìn ín.

Ní Skagen, ní ṣóńṣó àríwá, iyanrìn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan. Ṣọ́bìrì ni àwọn ọmọ ìjọ fi ń wú ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lè wọlé jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní 1792 ìjọba ṣe òfin tó lágbára lórí iyanrìn tí atẹ́gùn ń gbé. Ní 1795 wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pa. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì yọrí láàárín òkìtì iyanrìn. Nítòsí ibẹ̀, wọ́n fi òkìtì ńlá kan, Råbjerg Mile, sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan lé e, kí àwọn ọmọ wọn lè fojú rí bí iyanrìn ṣe ń rìn. Bíi mítà 18 ló ń rìn lọ́dún.

Àwa náà mọ iyanrìn tó ń rìn. Ní etí òkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń kó o lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe ó ti pẹ́. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú omi Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Òkúta náà dá iyanrìn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Bar Beach, tó wà lápá kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òkun ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún nígbà yẹn, gbogbo iyanrìn tí wọ́n ń náwó kó sí i, omi ló ń gbé e lọ. Àwọn tó to òkúta yẹn kò ní ìkà lọ́kàn. Wọn kò kàn bi iyanrìn léèrè ibi tó ń lọ ni.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti odò Skjern Å. Lẹ́tà kan mìíràn tún nìyẹn, å, tó dá dúró, tó túmọ̀ sí odò. Kò sí odò tó gbé omi tó o ní Dẹ́ńmáàkì. Ó máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ láàárín àbàtà kó tó dé etí òkun. Láàárín 1962 sí 1968, ìjọba na odò náà gbọnrangandan bí kánààlì, wọ́n fa omi àbàtà gbẹ kí àgbẹ̀ lè rí ilẹ̀ gbin ọkà. Àgbẹ̀ rí ilẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ń rì díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ lọ, ìdọ̀tí tí àbàtà ń sẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń ya lọ tààrà sínú omi tó wà nísàlẹ̀. Kò pé ogójì ọdún tí ìjọba kan náà fi padà wá. Láti 1999 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ katakata wá, wọ́n tún odò náà ṣẹ́, kọ́rọ́ kan lẹ́yìn kọ́rọ́ kejì, sí ọ̀nà tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Bíi hẹ́kítà 2,200 ló padà di ibi omi. Owó ni wọ́n fi nà án, owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi tún un ṣẹ́. Ìgbàkígbà tí òjò bá rọ̀ ní Múṣin, tí kánààlì bá kún tó ya wọ ilé onílé, Skjern Å ni mo máa ń rántí.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Àláúsá gbọ́. Láti 1937 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sún mọ́ òkun. Mítà 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ti di mítà 300. Àní bó bá jẹ́ ilẹ̀ rẹ ni. Etí òkun sì wà fún gbogbo ènìyàn láti rìn. Ní tiwa, a ti ń fi iyanrìn dí omi tipẹ́. Kánààlì MacGregor, tó ya Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára Erékùṣù Èkó, ti di ilẹ̀. Victoria Island, àbàtà ló wà láàárín rẹ̀ àti Lẹ́kì nígbà kan. Wọ́n dí i pa, erékùṣù sì di orúkọ lásán bíi pápá tiwa. Èyí tó kù lápá ibẹ̀ tí a lè fi yangàn ni hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ń tọ́jú ní Lẹ́kì láti 1990. Ẹ lọ síbẹ̀ bí ẹ kò bá tíì lọ. Ọ̀nì wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù.

Mi ò ní sọ pé Dẹ́ńmáàkì ti pé. Oko ló gba bíi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn, ajílẹ̀ tó ń ti oko yẹn ṣàn lọ ń pa ohun abẹ̀mí nínú omi wọn. Ní 2021 ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí i kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí òkun ní Copenhagen láti fi ṣe erékùṣù tuntun kan, Lynetteholm, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì bínú sí i. Wọ́n ń jà lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n lè dúró lé láti jà.

Fún ẹni tó ń gbé ìdí Ládípọ̀, tí ariwo òòlù àti páànù máa ń jí ní òwúrọ̀, ẹ gbọ́ èyí náà: ní Tunø, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà ló gbé iná tó ń tọ́ àwọn awakọ̀ ojú omi sọ́nà láti 1801. Ní Christiansø, lápá ìlà-oòrùn pátápátá, wọn kò gba ajá, wọn kò gba ológbò, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé síbẹ̀.

Ẹyẹ ló so wá pọ̀ mọ́ wọn jù. Lọ́dọọdún, ẹyẹ tó tó mílíọ̀nù 10 sí 12 ló ń bà sórí ẹrẹ̀ Vadehavet láti jẹun. Wọ́n á jẹ ìkarahun àti ekòló òkun títí wọ́n á fi sanra, wọ́n á wá gbéra sí gúúsù: Banc d'Arguin ní Mauritania, erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, tí UNESCO gbà wọlé ní 2025, àti gbogbo etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹyẹ funfun kékeré kan wà láàárín wọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹyin adìyẹ lọ, tó máa ń sá tẹ̀lé ìgbì bó bá ń padà, tó sì máa ń sá fún un bó bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀ á máa yára bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lára irú rẹ̀ tó ń bà sọ́dọ̀ wa, Gíríńláǹdì ni wọ́n bí àwọn kan sí, lábẹ́ adé Dẹ́ńmáàkì, nínú ọgbà àdáyébá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1974, tí kò sí irú rẹ̀ láyé fún títóbi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí Tàkwà Bay. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀, ó di ẹ̀wù agbẹ̀mílà rẹ̀ mú gírígírí títí a fi gúnlẹ̀. Ní etí omi, mẹ́fà nínú àwọn ẹyẹ yẹn ń sáré lọ sáré bọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, kò mira.

Ó rọra bi mí pé, "Dádì, níbo nilé wọn?"

Mo nawọ́ sí òkè, lójú ọ̀nà tí a gbà wá, kọjá Pápá Àjàó, kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Mo sọ fún un nípa òkun tí katakata ń gbà kọjá àti àwọn ènìyàn tó fún ẹrẹ̀ ní àlàáfíà kí ẹyẹ lè rí jẹ. Ó gbọ́ ọ lọ́nà tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó jù ú lọ ń ta bọ́ọ̀lù bọ̀ lẹ́bàá omi. Ọmọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibòmíràn, wọ́n ń jẹun."

Ọmọkùnrin náà wo àwọn ẹyẹ náà, ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ há abíyá, ó gba ẹ̀yìn wa kọjá.